Owó ìrànwọ́ yín ń tán kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tó wà nínú ìgbìmọ̀ owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́, ti àdúgbò ni o, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó.

Olùkọ́ ni wá. À ń bójú tó àpilẹ̀kọ àwọn tó ń kàwé gboyè másítà àti Ph.D. nínú ìmọ̀ ìṣèlú àti ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ bá yín sọ, a ò sì ní fi epo bọyọ̀. Owó tí ẹ ń fún àwọn ọmọ wa kò burú, àsìkò tí ẹ ń fún wọn ni kò dáa. Ẹ ń kó o lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí yunifásítì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n wọlé. Owó ilé ìwé á mú tirẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á mú tirẹ̀, ó tán. Bẹ́ẹ̀, kíláàsì semester méjì àkọ́kọ́ kọ́ ló ń dá ọmọ dúró. Ẹ̀yìn kíláàsì ni ìjàkadì wà, nígbà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀, kó jókòó ti fáìlì àtijọ́, kó gba ohùn sílẹ̀, kó sì dà á kọ sínú ìwé. Àpò ti gbẹ nígbà yẹn. Ohun tó kàn ni pé ọmọ á tì ara rẹ̀ mọ́ yàrá, á ṣa ọ̀rọ̀ jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á pín ìwé ìbéèrè 400, á gboyè. Ìlú tó náwó kò rí ohun kan tó lè dì mú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí 400 yẹn, torí ẹ máa rí i nínú ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá gbé wá fún yín. Inú fọ́múlà Yamane ló ti ń wá, ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ iye èèyàn tó yẹ kí wọ́n bi ní ìbéèrè. Ẹ ó mú iye èèyàn tó wà níbi tí ẹ fẹ́ wádìí, ẹ ó sọ ọ́ di ìlọ́po 0.0025, ẹ ó fi 1 kún un, ẹ ó wá fi èyí tó bá jáde pín iye èèyàn ìbẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá jẹ́ 200,000, ìdáhùn á jẹ́ 399. Bí wọ́n bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, á jẹ́ 400. Ẹ fi gbogbo Nàìjíríà sí i, 400 náà ni. Fọ́múlà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbà pé gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló ní àǹfààní kan náà pé kí wọ́n yàn án, ìyẹn sì ń fẹ́ kí orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìwé kan tí wọ́n á ti máa yàn wọ́n. Ta ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́? Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ á lọ dúró ní Tákíé, á pín díẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, á kó ìyókù lọ sí Under-G fún àwọn ọmọ ilé ìwé torí wọ́n gbọ́ Òyìnbó. Ìbéèrè kejì lórí ìwé náà á ní: "Ṣé ẹ gbà pé ìlànà Nàìjíríà sí ilẹ̀ òkèèrè ti nípa lórí ìdàgbàsókè?" Gbogbo èèyàn á sàmì sí "mo gbà". Táàbù á kún ojú ìwé, ìṣirò á pé, kò sì sí ẹni tó mọ ohun kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Orí-ọ̀rọ̀ náà ń dá kún un. Ọmọ tí kò lówó láti jáde á mú orí-ọ̀rọ̀ tí kò béèrè pé kó jáde, irú bí ìlànà Nàìjíríà sí ilẹ̀ òkèèrè láti 1960 di òní. Ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba ológun àti alágbádá, nínú àpilẹ̀kọ másítà kan ṣoṣo! Àwọn tó ń jókòó gbọ́ àbá ìwádìí á dá a padà. Ó lè lo oṣù mẹ́ta kó tó mú òmíràn wá, èyí tó máa mú wá náà á sì tún fẹ̀.

Ó sì dùn wá, torí ọ̀rọ̀ ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè tí àwọn èèyàn ń lọ wá ní Àbújá wà nínú ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé kí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí tó máa sáré lọ sí Kánádà, Gáná làwọn bàbá yín ń lọ. Támálè àti gbogbo apá òkè Gáná kún fún oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní 18 November 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gáná sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n, gbogbo rẹ̀ dúró síbẹ̀. Wọ́n gba Tógò àti Dàhòmì (Benin òde òní) bọ̀ wálé. Nàìjíríà tí wọ́n bọ̀ sí ṣì ń jagun abẹ́lé, January 1970 ló parí. Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bọ̀ sí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rògbòdìyàn owó orí ọdún yẹn kan náà, èyí tó gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé. Báwo ni ìlú tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ṣe gba èrò tó dé láìròtẹ́lẹ̀? Ta ló fún wọn nílẹ̀? Kí ló dé tí ìjọba Gowon kò fi gbẹ̀san lára àwọn ọmọ Gáná tó wà ní Nàìjíríà? Ìbéèrè másítà nìyẹn. Kódà ó tó Ph.D.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀. May 1975 ni wọ́n dá ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1979 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà fún 90 ọjọ́, pé ẹ̀tọ́ àtigbé ibẹ̀ àti ẹ̀tọ́ àtidá òwò sílẹ̀ níbẹ̀ á tẹ̀ lé e. Kò pé ọdún mẹ́rin tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ní January 1983, ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ, àwọn ọmọ Gáná ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2013 Gáná ṣe òfin okòwò tó fi ọjà títà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ Gáná nìkan, òfin yẹn ni wọ́n ń dì mú nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa. Ní January 2025, Màlì, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ 1969 dáadáa á ní ohun tó máa sọ lórí gbogbo èyí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa pe ti 1969 ní "Ghana must go", gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ṣe ń pè é, bẹ́ẹ̀ 1983 lorúkọ yẹn wà fún, àwa la sì ń lé èèyàn nígbà yẹn.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí Busia lé wọn ti lé ní 80. Ìdí tí a ò fi lè dúró kí a máa rọra sọ ọ́ nìyẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni a fẹ́ kí ẹ rí, kí ẹ lè mọ ohun tí owó ń ṣe níbẹ̀. Èèyàn 20 sí 25 ti tó fún másítà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yàn wọ́n pẹ̀lú làákàyè: àwọn tó ti Támálè dé, àwọn tó ti Kùmásí àti Àkrá dé, ẹni tó níwèé ìgbélùú àti ẹni tí kò ní, ẹni tó padà lọ lẹ́yìn náà àti ẹni tí kò tún débẹ̀ mọ́. Kó má gbàgbé àwọn ìyá. Nínú ìwé ìjọba, orúkọ ọkùnrin lẹ ó máa rí ṣáá, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wà nínú òwò yẹn. Kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ yunifásítì tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ń wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì níye tí wọ́n ń san. Kó lọ láàárọ̀ nígbà tí ara àgbà ṣì le, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Kó gbé fóònù sórí aṣọ tí wọ́n ká, kó má gbé e sórí tábìlì lásán, torí gbogbo ife tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ló máa dún gbì nínú rẹ̀. Kó gbà á sórí ẹ̀rọ méjì, kó kọ orúkọ sí fáìlì lọ́jọ́ náà gan-an. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni àwọn ọmọ ilé tó ń bá bàbá dáhùn. Kó fi sùúrù bẹ̀ wọ́n pé òun ṣì ń bọ̀ wá bá àwọn náà.

Ìrántí àgbà dáa, àmọ́ ó ń da ọdún pọ̀ mọ́ ọdún. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ ibi tó ti lè yẹ̀ ẹ́ wò láìjá bàbá níyàn. Ọ̀nà kan ni owó. Bí bàbá bá ní náírà lòun kó délé lọ́dún tí Busia lé wọn, ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ mọ́ra: pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná ní Nàìjíríà nígbà náà, January 1973 ni náírà dé. Sídì ni wọ́n ń ná ní Gáná láti 1965. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn rọra bi í pé, "Bàbá, sídì yẹn, ibo lẹ ti ṣẹ́ ẹ?" Ìdáhùn á tún ọdún tò fúnra rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ nípa àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní bọ́dà, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fowó sí. Ohùn wákàtí kan ń gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà kí èèyàn tó dà á kọ tán. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò oníwákàtí kan 25 jẹ́ wákàtí 125 sí 150, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ń ṣe wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ó lé ní oṣù kan gbáko kó tó túmọ̀ ẹyọ gbólóhùn kan sí Òyìnbó. Níbí lọ̀pọ̀ ti ń gé e kúrú: wọ́n á gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ èyí tí wọ́n rántí, wọ́n á sì fi àmì àyọlò sí i bí ẹni pé bàbá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń mọ̀. Gbogbo àgbà inú irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò.

Ìwé àtijọ́ náà ń náni lówó. National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof, tí wọ́n kọ nígbà tí àwọn Òyìnbó ń ṣàkóso ẹkùn Ọ̀yọ́, wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ dání, àti káàdì ìdánimọ̀, àti pẹ́ńsù, nítorí wọn kò fẹ́ kí tádàwá sún mọ́ ìwé. Ọjọ́ kan ò tó: fáìlì tí ẹ béèrè lè má jáde títí di ọ̀sán, ó sì lè jẹ́ pé òmíràn ló wúlò. Fún 1969 gan-an, ìwé ìròyìn November àti December ọdún yẹn ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, Daily Times, Tribune àti Sketch. Ilé ìpamọ́ ìwé Gáná, PRAAD, ní ẹ̀ka ní Támálè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè débẹ̀ á rí ohun tí àwọn aláṣẹ Gáná ń kọ síra wọn nípa àwọn bàbá wa, kò sì ju kí ó ní páásípọ́ọ̀tù ECOWAS àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́.

Ẹ lè ní, àwọn ìtàn àgbà nìyẹn, níbo ni ìmọ̀ ìṣèlú wà níbẹ̀? Ó wà nínú bí a ṣe ń bi ìtàn léèrè. Oríṣiríṣi àlàyé ló wà lórí ìdí tí Busia fi ṣe ohun tó ṣe. Wọ́n ní àìríṣẹ́ṣe ni, torí gbèsè tí Nkrumah, olórí Gáná tẹ́lẹ̀, fi sílẹ̀ ti wọ ọrọ̀ ajé lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn oníṣòwò ọmọ Gáná ló fẹ́ gba ọjà, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní August 1969 sì ń wá ojúrere wọn. Àlàyé kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yẹ kí a rí bó bá jẹ́ òun ni òótọ́. Bó bá jẹ́ àìríṣẹ́ṣe, ó yẹ kí ọwọ́ ìjọba le jù lórí àwọn alágbàṣe. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ le lórí àwọn tó ní ìsọ̀, kódà lórí ẹni tó níwèé. Nígbà yẹn, ohun tí bàbá kan ní Arówómọlẹ́ bá sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n wá kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní Támálè á di ẹ̀rí tó lè gbè àlàyé kan lẹ́yìn tàbí kó dà á nù. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí kí èèyàn kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa tíọ́rì ní orí kejì, kó má sì tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ á fi parí, èyí tí a ń rí lọ́dọọdún.

Gáná nìkan kọ́. Ẹni tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ bá wù, yunifásítì LAUTECH wà ní ẹnu ọ̀nà yín: wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, Ọ̀ṣun di ìpínlẹ̀ ní August 1991, ìpínlẹ̀ méjì jọ ni ín títí di November 2020 tó fi di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Báwo ni ìjọba méjì ṣe ń jọ san owó oṣù, kí ló sì dé tí kò ṣiṣẹ́? Ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ bá wù, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní July 2024 lórí owó ìjọba ìbílẹ̀, kó lọ wo ohun tó yí padà nínú ìwé ìṣirò ọ̀kan ṣoṣo nínú ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó yí wa ká. Ọ̀kan ṣoṣo, ẹ jọ̀ọ́.

Ìmọ̀ràn wa lórí owó rèé. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ fún ọmọ ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá wọlé. Ẹ mú 50 dúró títí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ á fi gba àbá ìwádìí rẹ̀ wọlé, tí ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ sì jáde. Ìwé méjì yẹn ni kó fi gba owó, kì í ṣe lẹ́tà ìdúpẹ́. Ẹ fún un ní 20 tó kù nígbà tó bá ti ṣe àtúnṣe tí àwọn olùdánwò ní kó ṣe, torí ẹ̀yìn ìdánwò ẹnu lọ̀pọ̀ ti ń sá lọ wáṣẹ́, tí àpilẹ̀kọ á wà nílẹ̀ fún ọdún kan nítorí ojú ìwé mẹ́rin. Ẹ má fi ọjọ́ kan pàtó dè é ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́jọ. Ìgbìmọ̀ tó bá ti kọ "oṣù 18 péré" sínú òfin rẹ̀ kàn ń fìyà jẹ ọmọ ni.

Nígbà tí ẹ bá sì ń yàn wọ́n, ẹ béèrè ohun tí a kì í sábà gbọ́ pé wọ́n béèrè. Ṣé M.Sc. ni àbí másítà ti oníṣẹ́? Èyí ìkẹyìn yẹn dáa fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í gbà á bọ́ sí Ph.D. tààrà, àwọn ọmọ kì í sì í mọ̀ títí wọ́n á fi san owó tán. Ṣé ó mọ̀ pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó gba ẹni sí Ph.D.? Ṣé transcript rẹ̀, ìwé èsì gbogbo ìdánwò rẹ̀, ti jáde? Ilé ìwé tó ti jáde ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwé tuntun fúnra rẹ̀, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì lè pẹ́ débi pé àyè ọdún yẹn á bọ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ran ẹnì kan lọ́wọ́ pẹ̀lú owó kékeré, ẹ bá a san owó transcript lóṣù mẹ́fà ṣáájú.

Àwọn tó ń fojú sí Chevening, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́? Wákàtí iṣẹ́ 2,800 ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn bí ọdún méjì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀ kò tíì tó o, kó má fi ọdún ṣòfò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe ìwádìí Gáná yẹn dáadáa níbí á ní ohun tó máa kọ sínú fọ́ọ̀mù nígbà tó bá tó àsìkò, ju ẹni tó ní òun fẹ́ "ṣe ìyípadà ní Áfíríkà" lọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí ẹ̀dà àpilẹ̀kọ náà padà wá sílé, àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí olóhùn fi gbà pé kí àwọn ẹlòmíràn gbọ́ ọ. Ẹ wá ibi ìkàwé kan ní ìlú tó máa gbà á pamọ́, kí ẹ sì dá ẹ̀dà kejì sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí a bá yín tún fọ́ọ̀mù kọ kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, a ti ṣetán, ọ̀fẹ́ ni.

Àwa olùkọ́ yín,
Ògbómọ̀ṣọ́